Ẹnu Funfun

4.

…òjò sì ń rọ̀. Odindi ojú ìwé kan, òjò nìkan. Àwọn òǹkàwé ní àwòrán yẹn mú àwọn sunkún.

Ohun tí Ẹ̀gbọ́n kọ síbẹ̀ ni pé akọni náà ṣàdédé rántí pé òun lè fò. Ojú gba Àbúrò tì. Ó fi òjò bò ó.

5. BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Yàrá kan, tábìlì kan, máńgà kan, ìyẹn ìwé ìtàn alàwòrán. Ẹ̀gbọ́n a ronú ìtàn. Àbúrò a yà á, a fi íǹkì tẹ̀ ẹ́, a wá fi òbìrí funfun kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu oníkálukú kí Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ẹnu funfun ni wọ́n ń pe òbìrí náà.

Nígbà tí bàbá wọn kú, Ẹ̀gbọ́n yìí náà ló ń pìtàn fún Àbúrò kó tó sùn. Ìtàn náà dùn nígbà yẹn. Àbí ọmọdé ni kò jẹ́ kó mọ̀.

6. ÀWỌN ÒǸKÀWÉ

«Àwòrán yìí ga! Ìtàn ńkọ́? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.»

«Mi ò ka ọ̀rọ̀ ibẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ló tó yé mi.»

«Ẹ bá wa bẹ ẹni tó ń kọ ọ́.»

7.

Orí fóònù Àbúrò ni gbogbo rẹ̀ ń wọlé sí. Òun ló ń kà á sókè fún Ẹ̀gbọ́n.

Níbi tí wọ́n bá ti kọ «àwòrán», «ìtàn» ló ń kà.

Inú Ẹ̀gbọ́n a dùn. Ọ̀rọ̀ a tún pọ̀ sí i, ẹnu funfun a tóbi sí i, àwòrán a sún lọ sí igun. Irọ́ àpọ́nlé ló pa á. Èmi ò ní bo ọmọ náà láṣìírí.

8. FÓÒNÙ

OLÓÒTÚ: Fi bọ̀ọ̀dá ẹ sílẹ̀, kó o máa bọ̀.

ÀBÚRÒ: Ọ̀gá, àwọn ló tọ́ mi.

OLÓÒTÚ: Wọ́n sì ti tọ́ ẹ tán. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀, ẹbí ọ̀tọ̀. Fi àwọn ẹnu yẹn sílẹ̀ lófìfo, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ká wò ó.

ÀBÚRÒ:

OLÓÒTÚ: Ṣé ò ń gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mò ń gbọ́ yín, sà.

9.

Àbúrò fi ojú ìwé tuntun ránṣẹ́ sí i, ẹnu wọn lófìfo, kí Ẹ̀gbọ́n tó jí.

10. ÌKÉDE

MÁŃGÀ TUNTUN TI TÁN LÓRÍ ÀTẸ. A Ó TÚN UN TẸ̀. AYÀWÒRÁN WA, O KÚ IṢẸ́.

11.

Ẹ̀gbọ́n rí i ní ìsọ̀ ìwé. Ẹ má bi mí léèrè ẹni tó sọ fún mi. Ó ń ṣí i wò, ẹnu funfun, ẹnu funfun, gbogbo wọn ṣófo.

ÒǸTÀWÉ: Ẹ rà á, ọ̀gá. Òmùgọ̀ tó ń ba ìtàn ibẹ̀ jẹ́ ti panu mọ́.

Ó rà á.

12. LÓRÍ TÁBÌLÌ

«Ojú ìwé tó kẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan ń ka lẹ́tà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń purọ́. Ẹ̀gbọ́n kò tètè mọ̀. Nígbà tó fi máa mọ̀, ohùn ọmọ náà ti mọ́ ọn lára, kò lè ní kó dákẹ́.»

Aṣọ Ẹ̀gbọ́n kò sí lára ìkọ́ mọ́.

13.

Àbúrò kà á, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìtàn rèé. Kò sí ibi tí èèyàn fẹ́ fi òjò bò níbẹ̀.

Ó yà á. Ó fi ẹnu funfun kan sílẹ̀.

14. LÁTI FÓÒNÙ ÀBÚRÒ

Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti yà á. Ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ sí i.

Mo fi àyè yín sílẹ̀.

Ó dùn. Àwọn òǹkàwé kọ́ ló sọ ọ́, èmi ni. Lọ́tẹ̀ yìí ó dùn lóòótọ́.

15.

(                    )