Òpó Tí Ọ̀gá Bà Jẹ́

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Olúsànyà Dáramọ́lá àti Eunice ìyàwó rẹ̀ wọ bàálù lọ sí Íńdíà nígbà tí Jubril, ọmọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, wá bá a nílé wọn ní Oníyanrìn, ní Ìbàdàn. Wọ́n ní kó jókòó, kò jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú ìwé kan tí ó gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn bíríkìlà.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ bá mi fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ ti ṣòfin tuntun. Láti oṣù tó ń bọ̀, ẹni tí kò bá ní ìwé fríídọ̀mù kò gbọdọ̀ gbaṣẹ́ lórúkọ ara rẹ̀ mọ́. Lébìrà ni wọn yóò máa pè é títí yóò fi kú."

Olúsànyà kò tilẹ̀ wo ìwé náà. "Ògiri Àrẹ̀mọ ńkọ́? Ṣé ó ti nàró?"

Jubril ká ìwé náà sí mẹ́rin. Ó kí wọn pé kí wọ́n lọ re, kí wọ́n bọ̀ re, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Gbogbo bíríkìlà àtijọ́ láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba ló mọ ògiri Àrẹ̀mọ. Ògiri iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní àdúgbò Àrẹ̀mọ ni, tí Olúsànyà kọ́ lọ́dún 2002. Jubril jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún nígbà náà, ó ti kọ́ṣẹ́ parí lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó gba fríídọ̀mù. Òjò ọdún àkọ́kọ́ kò tíì dá tí ògiri náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síta, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní títì. Ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì pe Olúsànyà. Ó dìde níwájú wọn, ó ní ọmọṣẹ́ òun ni ó di okùn ìwọ̀n mú lọ́jọ́ tí àwọn mọ ọ́n, ọmọ náà ni kò jẹ́ kó tọ́. Wọ́n lé Jubril lọ láìgba fríídọ̀mù. Wọ́n fi igi mẹ́ta ti ògiri náà ní àyà, igi náà sì wà níbẹ̀ di òní. Jubril ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì báyìí, ó ń ru búlọ́ọ̀kù fún àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà tí òun ti ń mọlé.

Ọ̀rọ̀ ojú ni ó gbé tọkọtaya náà dé Íńdíà. Ìkẹ́olúwa ọmọ wọn, tó wà ní Kánádà, ló bá wọn ṣètò ilé ìwòsàn tí wọn yóò ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Dókítà bo ojú ọ̀tún Eunice, ó ní kí wọ́n dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i kí òun tún un wò. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, nígbà tí jíjókòó nínú yàrá ti sú wọn, awakọ̀ tó máa ń gbé wọn sọ fún wọn pé tẹ́ḿpìlì àtijọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù kan wà nítòsí, òkúta ni wọ́n fi kọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún.

"Èmi ọmọ kátíkíìsì," ni Eunice wí, "kí n lọ ṣe kí ni nílé òrìṣà?"

"A ò ní kúnlẹ̀, Ìyá Ìkẹ́. A kàn fẹ́ wò ó ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni Éfà ṣe wí." Ṣùgbọ́n ó ti ń wá ìborùn rẹ̀.

Tíṣà ni Eunice kó tó fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Láti ilé dé ibẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ nílùú náà. Nígbà tí wọ́n yọ sí ẹnubodè tẹ́ḿpìlì, ọ̀rọ̀ dá mọ́ ọn lẹ́nu.

Ilé gogoro ni ẹnubodè náà, ó ń tín-ín-rín bí ó ti ń lọ sókè, ìpele lórí ìpele, títí ojú fi ń ro ẹni. Kò sí ibi tó ṣófo tó àtẹ́lẹwọ́ lára rẹ̀. Erin ni, ẹyẹ ni, obìnrin tó ń jó ni, ọkùnrin tó ń fọn fèrè ni, ọmọ kékeré tó rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn ni. Òkúta ni gbogbo wọn, síbẹ̀ ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ nígbà tí àlejò dé ni. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Olúsànyà ti ń mọlé. Bó bá wo ojú ilé lásán, ó ti mọ iye búlọ́ọ̀kù tó wọ̀ ọ́. Ó gbìyànjú láti ka òkúta ẹnubodè yìí. Ó kà á dé ìpele kejì, ó sọ ọ́ nù, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún sọ ọ́ nù. Ló bá jáwọ́.

"Bàbá Ìkẹ́," ni Eunice wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ojú kan ṣoṣo ni mo fi ń wò ó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi níjì. Bí wọ́n bá ṣí èkejì ńkọ́?"

Wọ́n bọ́ bàtà sílẹ̀ bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe. Oòrùn ti na òkúta ilẹ̀, ó gbóná janjan. Eunice ń fi orí ìka ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ bí adìẹ tó wọ ẹrẹ̀. "Ojú ni wọ́n là fún mi o. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó di ti àtẹ́lẹsẹ̀!"

Wọ́n wọ gbọ̀ngàn kan, ó tutù bí inú àmù. Òpó ibẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, òkúta kan ṣoṣo sì ni òpó kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé orí. Àwọn kan jẹ́ ẹṣin tó fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì gòkè, tí jagunjagun gùn ún. Olúsànyà rí okùn ìjánu, ó rí iṣan ọrùn ẹṣin, ó rí èékánná ẹni tó gùn ún. Láti kékeré ni Olúsànyà ti máa ń yà wo àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó bó bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba. Lójú rẹ̀, kò sí òpó mìíràn láyé tó tó wọn. Níbí yìí, kò mọ èyí tí ì bá wò kó fi èyí tó kù sílẹ̀.

Ó wá símẹ́ńtì lójú oríkèé òkúta àti òkúta, kò rí i. Òkúta gbé ara lé òkúta, abẹ́rẹ́ kò lè wọ àárín wọn. Ní igun òrùlé, ẹ̀wọ̀n kan rọ̀ wálẹ̀, òrùka rẹ̀ wọ inú ara wọn. Ó rò pé irin ni.

"Òkúta ni," ni awakọ̀ wí ní gẹ̀ẹ́sì, Eunice sì tú u fún ọkọ rẹ̀. "Ó ní ẹ̀wọ̀n náà àti òkúta òrùlé yẹn, ọ̀kan náà ni wọ́n."

"Bi í pé níbo ni wọ́n ti so òrùka pọ̀ mọ́ òrùka."

Eunice bi í. "Ó ní wọn ò so ó níbì kankan. Wọ́n gbẹ́ òrùka jáde láti inú òrùka ni."

Olúsànyà jókòó sílẹ̀. Kì í ṣe pé ó rẹ̀ ẹ́. Ó ronú kan ẹni tó gbẹ́ òrùka tó kẹ́yìn, tó mọ̀ pé bí òòlù òun bá ṣì lù lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo iṣẹ́ náà di àlàpà. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ má baà rí i.

Nígbà tó dìde, ó ki ọwọ́ bàpò, ó sì fa okùn kan yọ, òjé so mọ́ ọn nídìí. Okùn tó fi ń wo bí ògiri bá nàró nìyẹn, kò sì sí ibi tí í lọ tí kì í mú un dání. Ó gbé e lé etí òpó kan níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè ga dé. Òjé náà yí, ó yí, ó dúró. Ó fi ìka wọn àárín okùn àti òkúta lókè, ó wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀. Ọ̀kan náà ni. Lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún, lẹ́yìn òjò àti ìmìtìtì ilẹ̀, òpó yìí kò yẹ̀ ní ìwọ̀n èékánná.

Bàbá ẹ̀ṣọ́ kan sáré tọ̀ wọ́n wá, ó ń pariwo.

"Ó ti parí," ni Eunice wí. "Ẹ ti kó wa sí wàhálà. Nílé òrìṣà ni wọn yóò ti wá mú ọmọ kátíkíìsì."

Awakọ̀ ṣàlàyé fún ẹ̀ṣọ́ náà ní èdè wọn pé bíríkìlà ni bàbá yìí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá òpó náà dúró déédéé ni. Ẹ̀ṣọ́ wo okùn, ó wo ọwọ́ Olúsànyà tó le bí èèpo igi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní agbẹ́kùúta ni bàbá òun náà, kí wọ́n tẹ̀lé òun, ohun kan wà tí bíríkìlà gbọ́dọ̀ rí.

Ó mú wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àbáwọlé. Òpó ńlá kan dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lábẹ́ igi. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta lára rẹ̀ tán, iṣẹ́ ara rẹ̀ sì dára ju ti gbogbo òpó inú ilé lọ: àwọn oníjó méje ni, kò sí èyí tí ojú rẹ̀ jọ ti èkejì. Ṣùgbọ́n ó sán láti orí, ojú ibi tó sán sì gba àárín ojú oníjó keje kọjá.

Ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀, awakọ̀ tú u sí gẹ̀ẹ́sì, Eunice tú u sí Yorùbá. "Ó ní ìtàn tí àwọn baba wọn sọ ni. Ọ̀gá àwọn agbẹ́kùúta fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ lu ibi tó sán yìí, nígbà tí iṣẹ́ ku díẹ̀ kó parí. Àwọn ọmọṣẹ́ ní kí àwọn rì í mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rí i. Ọ̀gá kọ̀. Ó ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sí ojú ọ̀nà. Ó ní bí wọ́n bá rì í, lọ́jọ́ kan àwọn èèyàn yóò sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ òun ló bà á jẹ́." Eunice mí kanlẹ̀. "Ọ̀gá nìyẹn."

Olúsànyà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ojú ibi tó sán. Àtàǹpàkò rẹ̀ wọ inú rẹ̀. Àwọn tó ń wọlé ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, wọ́n ń wo òpó náà, wọ́n ń lọ.

"Ìyá Ìkẹ́," ló wí, "okùn Jubril kò yẹ̀."

"Jubril wo?"

"Ògiri Àrẹ̀mọ. Okùn tí ọmọ yẹn dì mú, ó tọ́. Ilẹ̀ ni kò dáa."

Ó sọ ọ́ fún un tán níbẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ náà. Gààrì tí kò ní ṣúgà ni Jubril mu láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọmọ náà ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní igun apá òsì, ṣọ́bìrì rẹ̀ sì gbé ilẹ̀ dúdú jáde, ilẹ̀ ṣáláńgá àtijọ́ tí wọ́n ti dí. Ó ní, "Ọ̀gá, ilẹ̀ yìí rọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ẹ kan ilẹ̀ líle." Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ti mú ọjọ́ ìṣílé, wọ́n ti pín ìwé ìpè, Olúsànyà sì ti fọwọ́ sọ̀yà. Ó ní kí ọmọ náà pa ẹnu dé, kó da kọnkéré sí i.

"Ó gbé ẹran Iléyá wá fún wa lọ́dún tó tẹ̀lé e," ni Eunice wí. "Mo dá ẹran náà padà. Mo sọ ọ́ sí i lójú pé a kì í jẹ ẹran ẹni tó ba ilé Ọlọ́run jẹ́. Ẹ jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Bàbá Ìkẹ́. Ẹ ń gbọ́ mi."

"Mo gbọ́."

"Ẹ pè é."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù."

"Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti orí fóònù?" Ó fi ojú rẹ̀ kan ṣoṣo wò ó, Olúsànyà kò sì lè wo ojú náà padà. "Lọ́jọ́ tí ẹ parọ́, gbogbo ìgbìmọ̀ ló pé jọ gbọ́ ọ. Òótọ́ ńkọ́? Ta ni yóò pé jọ gbọ́ tirẹ̀?"

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n padà sí Ìbàdàn, Olúsànyà wá Jubril lọ sí Bẹyẹrunká. Ó bá a níbi tó ti ń ru búlọ́ọ̀kù gun àtẹ̀gùn onígi. Ó ní òun fẹ́ fọwọ́ sí ìwé náà, ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Jubril sọ búlọ́ọ̀kù kalẹ̀. "Ọ̀gá, mo mọ̀. Ṣebí èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀ dúdú yẹn jáde. Kì í ṣe èmi ló yẹ kí ẹ sọ ọ́ fún."

Ní òwúrọ̀ Sátidé, àwọn ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì dúró yí igun òsì ògiri Àrẹ̀mọ ká, alága ẹgbẹ́ bíríkìlà náà sì wà níbẹ̀. Jubril àti Olúsànyà ni wọ́n jọ gbẹ́ ilẹ̀. Ìgbà tí ihò náà dé ìgbáròkó wọn, eérú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, lẹ́yìn náà àfọ́kù ìgò, lẹ́yìn náà ilẹ̀ dúdú kirikiri. Alàgbà Ọládèjì, alága ìgbìmọ̀, tẹ orí ba, ó wo inú ihò.

"Orí èyí ni wọ́n gbé ilé Ọlọ́run lé? Ta ló mọ̀ nípa èyí?"

"Jubril sọ fún mi," ni Olúsànyà wí láti inú ihò. "Èmi ni mo ní kó pa ẹnu dé. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn lọ́dún yẹn."

Ọlọ́kadà kan kọjá ní títì. Alága ẹgbẹ́ na ìwé fríídọ̀mù náà sí i pẹ̀lú bírò, Olúsànyà sì nu ọwọ́ rẹ̀ lára ṣòkòtò, ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ ọjọ́, ó sì nà án sí ọmọṣẹ́ rẹ̀.

Jubril kà á láti òkè dé ilẹ̀. Ó tún un kà.

"Ọ̀gá, ọdún tí ẹ kọ síbí kọ́."

"Ṣé 2024 kọ́ la wà ni?"

"2002 ni mo parí iṣẹ́."

Olúsànyà wo alága ẹgbẹ́. Alága wo ihò. Olúsànyà gba ìwé náà padà, ó tẹ́ ẹ sórí búlọ́ọ̀kù kan, ó fa ìlà gba orí 2024 kọjá, ó kọ 2002 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó fagi lé, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé Jubril ló tún un kọ.