Ọwọ́ Chayo Nínú Fíìmù

Marisela ọmọ ọmọ mi kò ya ojú ẹnikẹ́ni sínú fíìmù yẹn. Ọwọ́ nìkan ló yà. Ó tún fi ẹ̀rọ yí ohùn gbogbo àwọn tó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ padà. Ó ní, “Màmá, ta ló máa fi ọwọ́ dá èèyàn mọ̀?” Ọkàn mi kò balẹ̀, àmọ́ mi ò rí ohun tí mo lè tọ́ka sí.

Ọ̀rọ̀ ilé ìfọṣọ tó ń fọ aṣọ ibùsùn fún àwọn hòtẹ́ẹ̀lì San Antonio ni. Oògùn tí wọ́n ń dà sómi níbẹ̀ ń bó àwọn obìnrin àdúgbò wa lọ́wọ́, ẹni tó bá sì ráhùn, ọ̀nà ilé ló ń gbà. Marisela ti ń bá irú èyí jà tipẹ́. Òun ló kó wa lọ sílé ìjọba ìlú nígbà tí àgbàrá ń wọ yàrá wa. Ó kọ ọ́ síwèé, ó fi owó oúnjẹ rẹ̀ ya fíìmù rẹ̀, kò sí tẹlifíṣọ̀n tó wò ó lójú kan. Ti ilé ìfọṣọ yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́.

Ìdí tábìlì mi ló ti yà á, lásìkò Kérésì, níbi tí a ti ń pagbo di tàmálè, oúnjẹ àgbàdo tí à ń wé sínú háhá bí ẹni wé ẹ̀kọ. Bí ọwọ́ bá ti wà nínú ìyẹ̀fun àgbàdo, àwọn obìnrin wa kì í lè panu mọ́. Chayo, ọmọ Eulalia ọ̀rẹ́ mi, ló sọ̀rọ̀ jù. Chayo kò sì níwèé ìgbélùú. Bí wọ́n bá fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, Mexico ni wọ́n máa dá a padà sí, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì kù síhìn-ín.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan lẹ́yìn ìsìn Mísà, Marisela fi fíìmù náà han àdúgbò nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ramiro, ọ̀gá wọn nílé ìfọṣọ, mú ìyá rẹ̀ wá. Ta ló fẹ́ lé ẹni tó mú ìyá arúgbó dání?

Gbogbo wa máa ń fi okùn háhá so tàmálè lẹ́ẹ̀kan, ká jù ú síkòkò. Chayo nìkan ló ń so ó bíi rìbọ́ọ̀nù orí ọmọ jòjòló. Bí ọwọ́ yẹn ṣe yọ lára ògiri báyìí, Eulalia bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ wá wo ọmọ mi o! Chayo, ṣé ìgbéyàwó ni tàmálè yẹn ń lọ ni?”

“Ó ku kó o fi àtíkè kùn ún!” obìnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn.

Gbọ̀ngàn hó. Chayo alára ń rẹ́rìn-ín. Ni ọwọ́ ara ògiri bá yí padà, a rí ibi tó ti bó, ohùn ẹ̀rọ yẹn sì wí pé: “Ọ̀gá wa ní ká máa fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Ó ní ẹni tó bá lọ sọ́sípítù, kó má padà wá.”

Ẹ̀rín kú. Mi ò lè yíjú wo Ramiro. Mo kàn ń gbọ́ tí àga rẹ̀ ń dún.

Nígbà tí a délé, Eulalia ń gbá ẹnu ara rẹ̀ lábàrá.

“Marisela, jọ̀ọ́, yọ mí kúrò nínú rẹ̀,” Chayo bẹ̀ ẹ́. “Ọ̀la ni mo ń padà síbi iṣẹ́.”

“Màá yọ ẹ́. Jókòó, mu omi.”

Ṣùgbọ́n mo rí ojú Marisela. Torí ọ̀rọ̀ Chayo yẹn gan-an ni àwọn tẹlifíṣọ̀n ṣe ránṣẹ́.

“Ya èmi,” mo ní.

“Màmá, ẹ ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́.”

“Mo ti ṣe é rí, kí wọ́n tó bí ẹ. Awọ tó bó lọ́wọ́ mi, ṣé awọ ẹran ni? Ya ojú mi pọ̀ mọ́ ọn. Ìwé ìgbélùú mi pé, mi ò sì níṣẹ́ tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi.”

“Wọ́n máa ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni.”

“Kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Ìwọ gbé kámẹ́rà ẹ.”

Ó yà mí.

Ní Mọ́ńdè, èmi àti Eulalia kò kúrò lójú fèrèsé. Bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ dé, Chayo ò sí nínú ẹ̀. Eulalia ń gbàdúrà sí Wúńdíá, ó ń gbàgbé ọ̀rọ̀ àdúrà. Èyí tó tẹ̀ lé e ló gbé e wá.

“Kí ni Ramiro wí?” mo bi í.

“Ó ní ìyá òun kí mi.”

“Ìyẹn nìkan?”

“Ìyẹn nìkan, Màmá. Kò wò mí lójú.”

A wo ara wa. Ìkíni wo nìyẹn? Ṣé àánú ni àbí ìkìlọ̀?

Marisela fi fíìmù náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ojú mi, láìsí ọwọ́ Chayo. Àwọn tẹlifíṣọ̀n ò tíì dá a lóhùn. Ó ń sọ pé kò burú, ó sì ń wo fóònù bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Ní àràárọ̀, Chayo ń wọ bọ́ọ̀sì. Èmi a máa dúró wò ó títí tó fi máa yí kọ́nà, kí n tó lè mu kọfí mi.