Àmì Kan Lábẹ́ Orúkọ Ọmọ

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n gbáko ni Mobọ́lá fi kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní èdè Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Súrùlérè, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni fún un ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Òun ló ń fúnni. Ẹ wáá wo obìnrin náà báyìí, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, nínú pálọ̀ ọkùnrin kan ní Yábàá, ní agogo mẹ́rin ọ̀sán Sátidé, tó di pẹ́ńsù mú, tó ń ya lẹ́tà Hébérù láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Inú ń bí i. Ó ń bí i débi pé ẹnu pẹ́ńsù náà ti kán lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ ló kó o débẹ̀. Ọláṣẹ́gun, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un, fẹ́ fi Hadassah ṣaya. Ọmọ náà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa, Hadassah sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó mú wálé tí ìyá rẹ̀ kò rí àbùkù kankan lára rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni bàbá ìyàwó. Dennis ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ̀yìn tì, wọ́n ń sin adìyẹ. Dennis fẹ̀yìn tì, ó ń ka Hébérù. Ó rí i nínú ìwé pé gbogbo lẹ́tà Hébérù ló ní iye tirẹ̀, pé bí èèyàn bá ro iye àwọn lẹ́tà inú orúkọ kan pọ̀, orúkọ náà á bá ọ̀rọ̀ mìíràn nínú Ìwé Mímọ́ dọ́gba, ibẹ̀ sì ni àṣírí ẹni tó ń jẹ́ ẹ wà. Láti ìgbà náà ni bí èèyàn mẹ́wàá ti ń péjọ sí pálọ̀ rẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Ó sì ti búra pé òun kò ní dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ fún ẹnikẹ́ni láìṣe pé òun ti ka orúkọ rẹ̀.

Mobọ́lá fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ó kọ ọ́ bí tíṣà ṣe ń kọ ọ́, àmì òkè pé, àmì abẹ́ pé: Ọláṣẹ́gun. Dennis tiẹ̀ yìn ín. "Tíṣà, ìwé yín mọ́ o." Ló bá gbé gègé, ó ń to iye: Álẹ́fì, oókan; Fáfù, ẹẹ́fà; Lámẹ́dì, ọgbọ̀n; Ṣíìnì, ọ̀ọ́dúnrún; Gímẹ́lì, ẹẹ́ta; Fáfù mìíràn, ẹẹ́fà; Núnù, àádọ́ta. Ó rò ó pọ̀, ó jẹ́ 396. Ó wò ó títí, ó pín in wò, ó sì ti gègé bọ àpò.

"Ìyá Ṣẹ́gun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Six times sixty-six ni orúkọ yìí. Ẹ to six yẹn ti sixty-six, kí lẹ rí? Nọ́ńbà ẹranko inú Ìfihàn ni. Mi ò lè fi ọmọ mi fún un."

"Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi kà á!" Mobọ́lá kò mọ ìgbà tí òun dìde. "Ẹ fi èdè bàbá yín kà á ná. Irinwó ó dín mẹ́rin ni. Ẹẹ́fà dà níbẹ̀? Sixty-six tí ẹ ń pè náà, àádọ́rin ló dín mẹ́rin. Ẹ fi ẹẹ́fà kan ṣoṣo hàn mí níbẹ̀!"

Dennis rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń ṣàánú ọmọdé. "Mà, Ọlọ́run ò fi Yorùbá kọ Bíbélì."

Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kó lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ra ìwé eléwé ọgọ́ta, ó wọ kéké, ó sì lọ jókòó ní ìjókòó ẹ̀yìn nínú kíláàsì ọkùnrin náà. Bó bá jẹ́ pé Hébérù ló gbé ọmọ òun há, Hébérù náà ni yóò tú u sílẹ̀.

Oṣù méjì ló fi jẹ ìyà yìí. Dálẹ́tì jọ Réṣì. Hée jọ Hẹ́tì. Bíbélì tí Dennis ń gbé lé àga kò ní fáwẹ̀lì rárá, kọ́ńsónáǹtì ló tò lọ bẹẹrẹ, ẹni tó ń kà á ni yóò mọ èyí tí òun máa fi sí i. Èyí gan-an ló ń dùn ún jù. Ọmọ mélòó ni kò nà nítorí pé wọ́n kọ ọkọ, wọn ò jẹ́ kó mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ̀ ojú omi, tàbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko? Odò bíìrò pupa ló fi wẹ̀ wọ́n. Òun náà ló wá jókòó yìí, tó ń bẹ àwọn lẹ́tà tí kò ní àmì.

Gbogbo orúkọ mìíràn tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ ló ti kà tán. Kò sí èyí tí Dennis gbà, ó ní èyí tí wọ́n ń fi pe ọmọ ni Ọlọ́run mọ̀ ọ́n sí.

"Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀," Ọláṣẹ́gun wí fún un lọ́jọ́ kan. Ó ti rù, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò mú un mọ́. "Ká kàn lọ registry, gbogbo ẹ̀ á parí."

"Hadassah gbà?"

Ó mi orí. "Ó ní òun ò lè fẹ́ ẹni tí bàbá òun ò gbàdúrà fún. Dádì ẹ̀ sì ti sọ pé Sátidé tó ń bọ̀ ni last. Tí kò bá sí ọ̀rọ̀ tuntun, ká tú u ká."

Mobọ́lá pòṣé títí ètè rẹ̀ fi gbẹ.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, lẹ́yìn tó jẹun ọ̀sán, ó ń ka Ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí kejìlá, Bíbélì Yorùbá lápá kan, ti Hébérù lápá kejì. Àwọn ará Gíléádì wà ní etí odò Jọ́dánì, wọ́n ń dán àwọn ará Éfúráímù tó ń sá lọ wò. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọjá sọ pé Ṣíbólẹ́tì. Ará Éfúráímù kò lè pè é, Síbólẹ́tì ló máa wí, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń pa á sí. Mobọ́lá rẹ́rìn-ín. Ó ní Ọlọ́run kúkú ti ń máàkì ìwé kí wọ́n tó bí òun.

Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sí apá Hébérù. Ṣíìnì, ọ̀ọ́dúnrún, ló bẹ̀rẹ̀ Ṣíbólẹ́tì. Sámẹ́kì, ọgọ́ta péré, ni Ìwé Mímọ́ fi bẹ̀rẹ̀ Síbólẹ́tì. Ó yọ Ṣíìnì kúrò nínú orúkọ ọmọ rẹ̀, ó fi Sámẹ́kì sí i, ó rò ó pọ̀. Mẹ́rìndínlọ́gọ́jọ. Ó ṣí ìwé rẹ̀ síbi tí Dennis ti ní kí wọ́n kọ àwọn nọ́ńbà ìbùkún sí. 156 wà níbẹ̀: Jósẹ́fù, 156. Síónì, 156.

Nítorí náà, àmì kékeré kan ló ń dènà ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, àmì abẹ́ ṣ. Òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fi sí i! Inú bí i ju ti oṣù méjèèjì lọ. Kí ó lọ sọ pé Ọlásẹ́gun ni ọmọ òun ń jẹ́? Ta ló tiẹ̀ ń pe ṣ ní s nínú ilé yìí?

Ìdáhùn dé kí ó tó bi ara rẹ̀ tán. Gbádé ni.

Ọmọ Ìbàdàn ni Gbádé ọkọ rẹ̀, mẹ́káníìkì ní Múṣin, ọdún kẹfà rẹ̀ nìyí ní ibojì. Ọkùnrin náà lè gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì láti òpópónà kejì kó sọ ohun tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò lè pe ṣ. Isu ló ń jẹ, asọ ló ń wọ̀. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, yóò kígbe láti ẹnu ọ̀nà pé, "Mobọ́lá, ilẹ̀ ti sú o!" Mobọ́lá á ní, "Ta ni ilẹ̀ sú? Ilẹ̀ ṣú ni wọ́n ń pè é." Òun náà á ní, "Ó sú náà ni mo wí." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Eré ni nígbà náà.

Eré náà parí ní ọjọ́ ìfúnnilẹ́bùn ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wọn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Ọláṣẹ́gun, ó gba ipò kìíní. Gbádé dìde láàárín àwọn òbí, epo ọkọ̀ ṣì wà ní èékánná rẹ̀, ó ń kígbe, "Ọlásẹ́gun! Ọlásẹ́gun ọmọ mi!" Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ Mobọ́lá yíjú. Ojú tì í. Ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Ṣẹ́! Ṣẹ́gun! Orúkọ ọmọ yín lásán, ẹ ò lè pè é!" Gbogbo ìlà náà bú sẹ́rìn-ín. Gbádé jókòó.

Ẹyin lohùn. Láti ọjọ́ náà, "Bàbá mi" ni Gbádé ń pe ọmọ rẹ̀. Bàbá mi, wá jẹun. Bàbá mi, ṣé o dé? Títí ó fi kú ni. Mobọ́lá rò pé ìkẹ́ ni. Ọjọ́rú yìí, pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé ọkọ òun kò pe orúkọ ọmọ náà létí òun mọ́. Ó ti ìwé sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì lè ka nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí Sátidé pé, òun àti ọmọ rẹ̀ jọ lọ. Hadassah jókòó ti bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Mobọ́lá tẹ́ ìwé rẹ̀ sílẹ̀, síbi tó ti fi Sámẹ́kì rọ́pò Ṣíìnì. Dennis wò ó, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé Hébérù lè fi Síìnì kọ s, pé ọ̀ọ́dúnrún ni Síìnì náà. Mobọ́lá kò bá a jiyàn. Ó ṣí Àwọn Onídàájọ́ orí kejìlá, ó fi ìka sí ẹsẹ kẹfà.

"Ẹni tí kò lè pe ṣ, Sámẹ́kì ni Ìwé Mímọ́ fi kọ ti ẹnu rẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́."

Dennis kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Òótọ́ ni," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín fi àmì sí i, mà. Mi ò lè yọ ọ́ nítorí pé ó wù wá ká gbéyàwó. Bí wọ́n ṣe pe ọmọ lọ́jọ́ kẹjọ ni orúkọ rẹ̀ ń jẹ́. Ta ló sọ ọ́ lórúkọ?"

"Bàbá rẹ̀ ni."

"Báwo ni wọ́n ṣe pè é?"

Mobọ́lá lanu. "Ọláṣẹ́…" Ó dúró. Ó tún un ṣe: "Ọláṣ…" Ahọ́n rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n wà nínú ahọ́n náà. Gbogbo pálọ̀ ń wò ó bí ìgbà tí àwọn ará Gíléádì ń wo ẹni tó fẹ́ sọdá odò. Ó wá di ojú. Ó rí ọkùnrin kan tó dìde láàárín àwọn òbí, tí epo wà ní èékánná rẹ̀, tí inú rẹ̀ dùn.

"Ọlásẹ́gun!" ni ó kígbe. "Ọlásẹ́gun ọmọ mi!"

Ẹkún gbé ìyókù mì. Hadassah ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú. Dennis kò bi í ní ìbéèrè mìíràn. Ó kọ 156 sínú ìwé rẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó ní, "Jósẹ́fù ni. Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, ẹ máa kó ẹbí yín bọ̀." Àwọn ọmọ kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ohun tí Mobọ́lá ti ń lé láti oṣù méjì dé, inú rẹ̀ kò sì dùn bó ṣe rò.

Ìta ni Ọláṣẹ́gun ti sọ̀rọ̀, nígbà tí wọ́n ń rìn lọ síbi tí wọ́n ti máa wọ kéké.

"Mo rántí ọjọ́ yẹn, Mọ́mì. Prize-giving day. Ìgbà yẹn ni Dádì pè mí lórúkọ gbẹ̀yìn."

"O mọ̀?"

"Mo rò pé mo ṣẹ̀ wọ́n ni. Mo rò pé ẹ̀bùn yẹn ni wọn ò fẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo mọ̀ọ́mọ̀ fìdí rẹmi, bóyá wọ́n á tún pè mí."

Mobọ́lá rántí ìdánwò náà. Ó rántí ẹgba tó fi nà án. Ó fẹ́ bẹ ọmọ rẹ̀, ó fẹ́ bẹ ẹni tó ti lọ, kò sì mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe. Iná ti ń tàn lára àwọn ṣọ́ọ̀bù, oòrùn ti lọ.

"Ọlásẹ́gun," ó wí, "jẹ́ ká máa lọ sílé. Ilẹ̀ ti sú o."

Ọmọ rẹ̀ gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tún un ṣe fún un.