E MA SI IDERI

Inú ń bí mi lọ́jọ́ tí mo wọ ilé iṣẹ́ bisikíìtì yẹn, mi ò ní purọ́. Ọmọbìnrin mi, àbígbẹ̀yìn mi, kò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ níbẹ̀ tí ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun fi gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ṣì wà nígbà tí ìwé wọn dé: wọ́n ti lé e, wọ́n ní aláìgbọràn ni. Aláìgbọràn kẹ̀! Ọmọ tí mo bá ní kó jókòó, tí kì í dìde títí màá fi gbàgbé pé ó wà níbẹ̀! Tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀lé e, ta ló tún máa gbà á síṣẹ́ láyé yìí?

Máníjà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó wọ dígí, fún mi ní àga. Mi ò jókòó. Mo ní, "Ẹ fi ohun tí ọmọ mi ṣe hàn mí."

Ó mú mi lọ sídìí ẹ̀rọ náà. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé etí ara wa la fẹnu sí ká tó gbọ́ra. Ó nawọ́ sí ìdérí. "Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà, mà. Ẹ̀yin náà ẹ kà á."

Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, ìkọ̀wé náà sì dára: E MA SI IDERI TI ERO BA N YI.

Mo kà á sókè: "Ẹ máa ṣí ìdérí tí ẹ̀rọ bá ń yí."

"Rárá o, mà! Ẹ má ṣí i ni."

"Ẹ ò rí nǹkan! Àmì ohùn dà? Òpè wo ló kọ ìranù yìí? Ẹ ò ya 'máa' sọ́tọ̀ lára 'má', ẹ wá ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní aláìgbọràn!"

Wọ́n pe fóòmáànù tó kọ ọ́. Bó ṣe rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ìyẹ̀fun. "Tíṣà mi! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà."

Akọ̀wé ni. Èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn nítorí ìkọ̀wé rẹ̀, ní kíláàsì tí mo ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí mo bi í léèrè àmì, ẹnu yà á. Kò rí mi fín o. Ó kàn ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká má fi àmì ṣòfò àkókò, mà. Ẹ ní 'ma' kan ti tó, ẹni tó bá gbọ́n á mọ èyí tó jẹ́."

Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ọgọ́rin ọmọ nínú kíláàsì kan, ìdánwò ń bọ̀, iye tó bá yege nìkan ni àwọn alábẹ̀wò ń kà, wọn kì í sì í fún èèyàn ní máàkì nítorí àmì. Gbogbo wọn yege. Àwọn alábẹ̀wò pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọmọ mi gan-an wà ní kíláàsì náà, ìjókòó iwájú ló máa ń wà.

Mo sọ fún máníjà pé èmi ni kó bá wí, èmi ni mo kọ́ àwọn méjèèjì. Ó gba ìwé tí wọ́n fi lé ọmọ mi lọ́wọ́ mi, ó sì fà á ya lójú mi. Ó wá ní ẹ̀rọ mẹ́ta mìíràn ló yẹ kó dé lóṣù tó ń bọ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ fún ogójì èèyàn, ṣùgbọ́n àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ti ní àwọn á kó wọn lọ síbi tí òṣìṣẹ́ ti mọ̀wé kà. Kò tiẹ̀ jágbe mọ́ mi. Ì bá sàn kó jágbe.

Mo gba ọsibítù lọ. Mo jókòó ti ọmọ mi, mo rò ó fún un látòkè délẹ̀, mi ò fi ìkankan bò. Mo ń retí kó bú sẹ́kún, tàbí kó lé mi jáde. Báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

"Ó rú mi lójú lọ́jọ́ yẹn, Màámi," ló wí. "Mo fẹ́ béèrè. Àmọ́ wọ́n mọ̀ pé ọmọ tíṣà ni mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ẹ ò kọ́ mi dáadáa."