Ẹni Tó Kàn

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n kóra jọ sí gbọ̀ngàn tó wà lókè ilé ìkàwé, èèyàn bí ọgọ́ta tí wọn ò mọra rí. Ètò ibẹ̀ ò le rárá: ẹni tó bá ní èrò á dìde sọ ọ́, àwọn tó bá wù á tọ̀ ọ́ lọ, wọ́n á sì jọ dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó ṣú. Ẹ ò rí nǹkan. Àwọn kan ń fẹ́ra sọ́nà fún ọdún márùn-ún, wọn ò tíì fẹnu kò lórí àwọ̀ kọ́tìnnì, àwọn wọ̀nyí fẹ́ fi òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀.

Àbíkẹ́yìn, tó ń bá wọn ṣe awò ojú ní ṣọ́ọ̀bù kan, kò kọ́kọ́ fẹ́ dìde. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kò jẹ́ kó jókòó. Láti ìgbà tí orúnkún ìyá rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ ni ìyá ti ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, òun náà ló ń bá a na ẹsẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ bí dókítà ṣe wí. Ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tó jẹ́ agbẹjọ́rò àti ẹ̀gbọ́n obìnrin tó ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ilé àwọn méjèèjì ò sì jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni àbúrò fẹ́ fi sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ó yá, ẹ̀yin ló kàn? Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ó ti ń kanra mọ́ ìyá tó bí i lọ́mọ, ẹ̀rù ohun tó lè tẹnu òun jáde lọ́jọ́ kan sì ń bà á. Ìdí nìyẹn tó fi dìde, tó ní òun fẹ́ áàpù tí yóò máa pín ìtọ́jú òbí láàárín àwọn ọmọ, tí yóò sì máa ránṣẹ́ sí ẹni tó kàn, kó má di pé ọmọ ìyá kan ń pàṣẹ fún èkejì.

Èèyàn mẹ́ta ló tọ̀ ọ́ lọ. Ọkùnrin kan mọ kọ̀ǹpútà tinú-tòde, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Dákẹ́ ni wọ́n sọ ọ́. Ọmọbìnrin ayàwòrán kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀rín kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀kẹta wọn ni Bàbá Ọkọ̀, tó ti fẹ̀yìn tì níbi tó ti ń pín iṣẹ́ fún àwọn awakọ̀ akérò, tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta dùn. Aládùúgbò kan ló bá Àbíkẹ́yìn jókòó ti ìyá rẹ̀ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ náà. Ife tíì àti wáyà kún orí tábìlì wọn, ayàwòrán ń yà, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un yà. Bàbá Ọkọ̀ pe Àbíkẹ́yìn ní ọ̀gá, Àbíkẹ́yìn bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Nígbà tó ku kí wọ́n dán áàpù náà wò, wọ́n nílò ẹbí kan. Ó fún wọn ní tirẹ̀, tòun ti nọ́ńbà fóònù àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí áàpù má fi iṣẹ́ kankan ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n òun. Dákẹ́ mi orí, ó ti ìfiránṣẹ́ pa. Bàbá Ọkọ̀ ló to ẹni tó kàn. Ó ní níbi tí òun ti ṣiṣẹ́, ẹni tó dàgbà jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè, àbùkù ni kí wọ́n fi ọmọdé ṣáájú. Bó ṣe fi ẹ̀gbọ́n ọkùnrin sí ọjọ́ Àìkú nìyẹn, ẹ̀gbọ́n obìnrin sí ọjọ́ Ajé, tó wá fi ọmọ tó ń dá gbogbo iṣẹ́ ṣe sí ìkẹyìn. Ọ̀wọ̀ ló rò pé òun ń bù, kò sì sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, níwájú àwọn adájọ́ tó máa yan èyí tó dára jù, Dákẹ́ ṣí ìfiránṣẹ́ kí fóònù tirẹ̀ lè dún lójú gbogbo èèyàn. Ó dún lóòótọ́, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ ò tíì tán tí Àbíkẹ́yìn fi rántí pé nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n òun ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ló kàn lónìí láti tọ́jú ìyá yín, ni iṣẹ́ náà wí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pẹ́.

Òun àbígbẹ̀yìn ló wá rán àkọ́bí níṣẹ́ báyìí, láì kí i, láì bẹ̀ ẹ́. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí, kò gbé e. Dákẹ́ ń bẹ̀bẹ̀, ó ní ẹ̀bi òun ni. Bàbá Ọkọ̀ ní tirẹ̀ wo Àbíkẹ́yìn lójú.

“Ṣé irọ́ wà nínú ohun tí a fi ránṣẹ́ sí i?”

“Rárá, sà.”

“Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa lọ sílé, ọ̀gá.”

Àwọn tó ṣe áàpù tó ń bá èèyàn wá ibi tí wọ́n máa gbé mọ́tò sí ló gba ipò kìíní. Àwọn ti Àbíkẹ́yìn ò gba nǹkan kan, síbẹ̀ wọ́n fi ìpàdé míì sí Ọjọ́bọ̀ kí wọ́n tó túká, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kó parí síbẹ̀.

Mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni Àbíkẹ́yìn bá lẹ́nu ọ̀nà ilé. Ó wọlé bí ẹni tó fẹ́ gba ìdájọ́. Aládùúgbò ti lọ. Ìyá jókòó sórí àga, agbẹjọ́rò sì wà nílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó ti ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó gbé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ dání, ẹsẹ̀ tí kò dùn ún pàápàá. Ìyá ń tọ́ ọ sọ́nà, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Àbíkẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. “Gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè, ṣebí o máa ń ní o ti ń ṣe é. Mo rò pé o ò fẹ́ ká fọwọ́ kàn án ni.”

Àbíkẹ́yìn mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó na ọwọ́ láti gba ẹsẹ̀ ìyá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì rọra tì í kúrò.

“Ta ló kàn lẹ́yìn mi?”

“Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, lọ́la.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Ọ̀túnla.”

“Kò tíì kàn ọ́ nìyẹn. Lọ sùn.”

Ó wọ yàrá, ó dùbúlẹ̀ tòun ti bàtà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sunkún díẹ̀, ó sì sùn lọ bí àwọn méjèèjì ṣe ń jiyàn ẹsẹ̀ wo ni dókítà ní kí wọ́n nà.