Abẹ́ Ewé Tòmátò

Ìmọ́tótó dára o, ta ló ní kò dára? Àmọ́ ti Ìyá Nọ́ọ̀sì kì í ṣe kèrémí. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀gá wọ́ọ̀dù lọ́sibítù, ṣe ló máa ń fi ìka nu abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí eruku bá fi lẹ̀ mọ́ ìka yẹn pẹ́nrẹ́n, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ibẹ̀ ti gbé nìyẹn. “Ọ̀lẹ ló ń nu òkè tó ń fi abẹ́ sílẹ̀!” Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń gbé, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì. Ó gbin tòmátò sínú ìkòkò mẹ́ta lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀, kì í sì í ṣe èso rẹ̀ ló ń wá. Ẹ wo ewé tòmátò dáadáa, ẹ ó rí irun wínníwínní lára rẹ̀. Àárín irun yẹn ni ẹgbàágbèje kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí ń gbé, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu, tí wọ́n ń bára wọn jà bí ayálégbé inú ilé kan. Àwọn kan nínú wọn máa ń lé àìsàn jìnnà sí ewé, àwọn wọ̀nyẹn sì ni ìyàwó ń wá lójú méjèèjì. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ wá mú ewé lọ́la láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọ̀gá bá bá ewé lófìfo, a jẹ́ pé iṣẹ́ ọdún méjì wọgbó nìyẹn.

“Màmá, ọ̀gá mi ń bọ̀ wá wo tòmátò yìí lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án o,” ni gbogbo ohun tó sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ kó tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ìyá Nọ́ọ̀sì sì gbọ́. Àmọ́ nígbà tí oòrùn tàn sórí ewé, tó rí eruku, ara rẹ̀ ò gbà á. Kí àlejò ńlá wá bá ilé ní ìdọ̀tí? Kí ni wọ́n á wá máa sọ nípa ìyàwó òun? Ó po omi ọṣẹ, ó mú aṣọ mímọ́, ó sì nu ewé lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi ń dán gbinrin. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ẹ má bínú sí i.

Ìyàwó wọlé, ó fa imú. “Màmá, kí ló ń rùn bí ọṣẹ?”

“Mo bá ẹ tún ewé ẹ ṣe ni. Má wulẹ̀ dúpẹ́.”

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó. “Mo ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án!”

“Ọwọ́ wo? Ìbọ̀wọ́ ni mo wọ̀ o!”

Ìyàwó jókòó pẹ̀ẹ̀. “Màmá, àwọn tẹ́ ẹ nù dànù yẹn niṣẹ́ mi.” Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Àyà Ìyá Nọ́ọ̀sì já, torí ó fẹ́ràn ọmọ yìí ju bó ṣe máa ń sọ lọ.

“Abẹ́ ewé ńkọ́?” ìyàwó béèrè. “Ibẹ̀ nirun pọ̀ sí jù. Ṣé ẹ nu abẹ́ náà?”

“Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Èmi? Abẹ́ ni mo kọ́kọ́ nù!”

Irọ́ ni. Ó ti jáde lẹ́nu kó tó mọ̀.

Ìyàwó mí kanlẹ̀. Ó mọ ìyá ọkọ rẹ̀, kò wulẹ̀ yẹ ewé wò. Ó di tòmátò kìíní mú nídìí, ó fà á tu, ó jù ú sínú garawa ìdalẹ̀nù. Ó di èkejì mú. “Màá pe ọ̀gá mi pé kó má wá mọ́.”

Ọ̀rọ̀ wá di iṣu ata yán-an-yàn-an. Mélòó ni nọ́ọ̀sì tí Ìyá Nọ́ọ̀sì ti mú sunkún nítorí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ó kúkú sàn kó sọ pé òun jalè. Tòmátò kejì bọ́ sínú garawa. Ọwọ́ ìyàwó kan ẹ̀kẹta.

“Dúró! Mi ò nu abẹ́!”

“Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé—”

“Mo mọ ohun tí mo sọ! Ẹ̀yìn ń dùn mí, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Òkè tí àlejò máa rí ni mo nù.” Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Bí mo ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí nìyẹn. Jọ̀ọ́, má wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.”

Ìyàwó yí ewé kan, ó yí òmíràn. Eruku wà níbẹ̀ digbí, irun dúró ṣánṣán, ọṣẹ ò débẹ̀ rárá. Ó yọ àwọn tó wà nínú garawa, ó yẹ abẹ́ tiwọn náà wò, ó sì bú sẹ́rìn-ín tòun ti omijé lójú. Ó fò mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀.

“Màmá, ẹ ṣeun! Ẹ ṣeun gan-an tẹ́ ẹ ya ọ̀lẹ!”

Ìyá Nọ́ọ̀sì dúró gbagidi. Ní gbogbo ọdún tó fi ń yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò, kò sẹ́ni tó dì mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ rí. “Ó tó, ó tó,” ló ń sọ, àmọ́ kò tú ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀.