Àpò Ọmọ Tó Kúrò Lára Ògiri

Verna wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó rọra gbé àpò náà kalẹ̀ sórí tábìlì ìdáná Màmá Hazel bí ẹni gbé ẹyin. Àrán dúdú ni, òdòdó tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe kún ara rẹ̀. Ìyá Màmá Hazel ló rán an láti máa fi di ọmọ, kí míṣọ́nnárì kan tó mú un lọ, tí wọ́n sì gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì bí ọ̀ṣọ́.

Verna ni olórí ẹgbẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ará Kríì bíi Màmá Hazel, tó ni ilẹ̀ Kánádà láti ìbẹ̀rẹ̀, àti ti gbogbo ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ nítorí àwọ̀ ara. Wọ́n bẹ ìgbìmọ̀ ìjọ títí kí wọ́n tó yọ̀ǹda àpò náà fún Màmá Hazel. Ìgbìmọ̀ ní inú gíláàsì ni kó máa wà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Verna ló ṣèlérí. Kò tíì sọ ọ́ fún Màmá Hazel.

"Ṣé o fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún wa ni?" Màmá Hazel ń wo ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Desmond, ọmọ Jàmáíkà tó wakọ̀ gbé e wá, fi búrẹ́dì dí ẹ̀rín mọ́nu. "Mo sọ fún yín, Àǹtí Verna."

Ọmọ jòjòló Shayna, tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tún figbe bọnu. "Kò sùn láti àárọ̀, Kókum," Shayna wí fún Màmá Hazel, ìyá-ìyá rẹ̀. "Ó ti sú mi o."

"Gbé e wá."

Màmá Hazel tú okùn awọ iwájú àpò náà, ó tẹ́ aṣọ rírọ̀ sínú rẹ̀, ó sì tẹ́ ọmọ lé e.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́…" Verna ti dìde. Ìlẹ̀kẹ̀ á já. Ọmọ á tọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ti dé orí ahọ́n rẹ̀.

"Kí ló dé?" Màmá Hazel ò gbójú sókè. "Ìka mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Wá bá mi so ó."

Verna wo ojú ọmọ náà, ó ti pọ́n kuku. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́.

"Fún okùn náà sí i," Màmá Hazel wí. "Ọmọ fẹ́ mọ̀ pé ẹnìkan di òun mú."

Verna fún okùn náà. Igbe di ìkùnsínú, ìkùnsínú di èémí. Shayna jókòó pẹ̀lẹ́.

Lọ́jọ́rú, Verna á lọ sọ fún ìgbìmọ̀ pé òun ò mú ìlérí ṣẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára okùn náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó wọ ìlú yìí ló ti ń kọrin lábẹ́ àpò yìí, tó ń nu eruku ara rẹ̀, tó ń yin ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Kò bi ara rẹ̀ léèrè rí, ọmọ ta ni wọ́n gbé kúrò nínú rẹ̀.